Níbo gan-an ni ilẹ̀kùn sódíọ̀mù wà nínú ara? Eyín kan ló dá ìjà sílẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú béèrè:

Ẹ kú ilé o. Wọ́n yọ eyín mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà gún mi lábẹ́rẹ́ méjì, ètè mi kú tipiri, itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń ti eyín yẹn síwá-sẹ́yìn. Kò dùn mí o, àmọ́ mo ń mọ̀ ọ́n. Mo bi í léèrè, ó ní ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ni abẹ́rẹ́ yẹn ń tì pa. Mo délé, mo sọ ọ́, ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní inú ọpọlọ nìkan ni irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé gbogbo iṣan ló kún fún un láti orí dé ẹsẹ̀, bákan náà níbi gbogbo. Ta ló jàre?

———

Ìyàwó yín ló sún mọ́ ọn, àmọ́ "bákan náà níbi gbogbo" yẹn ló ba tirẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn sódíọ̀mù wà nínú ọpọlọ, ó wà nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ó wà nínú nẹ́ẹ̀fù (iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ara) tó lọ sí ìka ẹsẹ̀, ó sì wà nínú èyí tó wọ gbòǹgbò eyín tí wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n wọn ò fọ́n wọn káàkiri bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Ó níbi tí wọ́n fún mọ́ra bí èrò ọjọ́ ọjà, ó sì níbi tí ẹ máa wá títí kẹ́ ẹ tó rí ẹyọ kan.

Mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Tí mo bá bi wọ́n níbo ló wà, ohun tí mo sábà máa ń rí nínú ìwé ìdánwò ni "nínú iṣan". Ààbọ̀ máàkì ni mò ń fún wọn.

Ohun tó jẹ́ gan-an: purotéènì ni, ó gún awọ sẹ́ẹ̀lì já láti inú síta. Tí iná mànàmáná díẹ̀ bá kàn án, á ṣí, sódíọ̀mù tó wà lóde á ya wọlé, kó tó tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó ti tún tì padà. Ìyawọlé yẹn ni ìròyìn tí nẹ́ẹ̀fù ń gbé kiri. Oríṣi mẹ́sàn-án ló wà, Nav1.1 títí dé Nav1.9. Nav1.4 ló ni ẹran ara tí a fi ń gbé nǹkan, Nav1.5 ló ni ọkàn. Àwọn méje yòókù ló pín ọpọlọ àti nẹ́ẹ̀fù mọ́wọ́.

———

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ẹ ní ó níbi tí wọ́n ti fún mọ́ra. Ibo ni? Ẹ má fi wá sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Ẹ fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù bí igi tí ìjì fà tu tòun ti gbòǹgbò. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni ìròyìn ń gbà wọlé. Ìdí igi ni ara sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbòǹgbò gígùn kan ṣoṣo wà tó lọ jìnnà, òun ni wọ́n ń pè ní áksọ̀n. Èyí tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ lè gùn tó mítà kan.

Àwọn ẹ̀ka ní ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ní ìwọ̀nba. Ara sẹ́ẹ̀lì náà ní ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọrùn, níbi tí áksọ̀n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde, wìtìwìtì lẹ máa bá wọn. Ibi kékeré sì ni o, 20 sí 60 maikromítà ni gígùn rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ ankyrin-G ló so wọ́n mọ́bẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Gbogbo ohun táwọn ẹ̀ka gbọ́, èyí tó ní "sọ̀rọ̀" àtèyí tó ní "dákẹ́", ọrùn yìí ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ pọ̀. Nítorí pé ilẹ̀kùn pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, iná kékeré tí kò lè ṣe nǹkan kan fún ara sẹ́ẹ̀lì á ṣí wọn. Ariwo á sọ (ìyẹn ni pé ìròyìn ti gbéra), kò sì sẹ́ni tó lè pè é padà.

Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá èèpo ọpọlọ, wọn ò tiẹ̀ dàrú mọ́ra. Nav1.2 wà lápá ibi tó sún mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. Nav1.6, tí iná tó kéré sí i lè ṣí, wà lápá òkèèrè. Òkèèrè yẹn ni ariwo ti ń kọ́kọ́ sọ.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ má bínú mà, kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ti ìmọ̀lára ńkọ́?

O jàre, àbúrò. Mo sáré.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ìfọwọ́kàn àti ìrora ò dúró bí igi yẹn. Ara rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn (ti ojú àti eyín wà nítòsí ìsàlẹ̀ ọpọlọ), áksọ̀n rẹ̀ sì là sí méjì: apá kan lọ sí awọ, apá kejì wọ inú. Tó bá jẹ́ ọrùn lariwo ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta ní Sábọ̀ ní láti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí ẹsẹ̀ tó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá awọ níbẹ̀ náà, ní ìkángun nẹ́ẹ̀fù, ni ilẹ̀kùn sódíọ̀mù wà tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìkángun náà wọ inú àkọsílẹ̀.

———

Báyọ̀ Oníná: Èmi wáyà ni mò ń fà, mo sì ti gbọ́ pé máyẹ́lìn ni rọ́bà tó bo nẹ́ẹ̀fù. Tí rọ́bà wáyà bá bó, ewu ni. Àwọn kan wá ń sọ pé nẹ́ẹ̀fù bó láwọn ibì kan, pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Kò bọ́gbọ́n mu létí mi.

Ìbéèrè yín dáa ju àlàyé ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ẹ mú ìrèké kan lọ́wọ́. Àárín oríkèé kan sí èkejì gùn, oríkèé fúnra rẹ̀ kò ju àmì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí nẹ́ẹ̀fù tó ní máyẹ́lìn ṣe rí nìyẹn. Máyẹ́lìn, tó jẹ́ ọ̀rá, á wé e yípo-yípo títí dé ibì kan, á dáwọ́ dúró, á fi nǹkan bíi maikromítà kan sílẹ̀ ní ìhòòhò, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú nẹ́ẹ̀fù tó sanra, ó lè tó milimítà kan kẹ́ ẹ tó kan ìhòòhò mìíràn. Louis-Antoine Ranvier, ará Faransé, ló ṣàpèjúwe oríkèé wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1870, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Lásìkò yẹn, kò tíì sẹ́ni tó gbúròó ilẹ̀kùn sódíọ̀mù.

Ibi tí wáyà yín àti nẹ́ẹ̀fù ti yapa rèé. Kọ́pà ń gbé iná dáadáa, ẹ kàn fẹ́ kó má jò ni. Nẹ́ẹ̀fù, wáyà burúkú ni. Iná tó bá wọ̀ ọ́ níhìn-ín á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kó tó rìn ju milimítà mélòó kan lọ. Nítorí náà wọ́n ní láti máa tún un dá lójú ọ̀nà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pa iná ilé tó ń jó nígbà tí ẹ̀rọ panápaná ò sí: wọ́n á tò láti odò dé ilé, wọ́n á máa gba korobá lọ́wọ́ ara wọn. Oríkèé ni àwọn tó ń gba korobá. Ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ibẹ̀ á ṣí, iná á padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á bẹ́ sí oríkèé tó kàn. Àwọn onímọ̀ méjì, Huxley àti Stämpfli, fi nẹ́ẹ̀fù ọ̀pọ̀lọ́ hàn án ní 1949 pé bó ṣe ń bẹ́ nìyẹn.

Oríkèé kan ní ju 1,000 ilẹ̀kùn lọ nínú maikromítà kan níbùú lóròó. Lábẹ́ máyẹ́lìn, kò tó 25. Ẹ wá rí ìdí tí "bákan náà níbi gbogbo" fi ń bí mi nínú.

Àìsàn wà tó jẹ́ pé máyẹ́lìn ló ń bó dànù, bíi multiple sclerosis. Tó bá ṣe bí ọ̀rọ̀ wáyà yín ni, ẹ máa rò pé iná á máa jò lásán. Ìdààmú ibẹ̀ ni pé ibi tó bó tuntun yẹn ò ní ilẹ̀kùn tó tó, korobá á já bọ́ láàárín ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn áksọ̀n kan máa ń to ilẹ̀kùn tuntun sí gbogbo ibi tó bó, ọ̀rọ̀ á tún kọjá, ṣùgbọ́n ó ń ná wọn lágbára gan-an.

———

Àgbà Ọ̀jẹ̀: Ta ló wọ ibẹ̀ lọ ka ilẹ̀kùn?

Májèlé ló bá wọn kà á, bàbá. Májèlé wà lára ẹja kan tó ń wú bíi bọ́ọ̀lù, tetrodotoxin lorúkọ rẹ̀, òmíràn tó jọ ọ́ ń jẹ́ saxitoxin. Ẹyọ májèlé kan á dí ẹyọ ilẹ̀kùn kan, kì í ṣe méjì. Tí wọ́n bá fi àmì sára májèlé, tí wọ́n dà á sórí nẹ́ẹ̀fù, iye tó lẹ̀ mọ́ ọn ni iye ilẹ̀kùn. Ìṣirò àkọ́kọ́ ga ju ohun tí wọ́n gbà báyìí lọ, wọ́n ti bù ú kù. Àtìgbà tí oògùn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lára purotéènì sì ti dé, èèyàn lè fojú rí wọn: nẹ́ẹ̀fù dúdú fẹẹrẹ, oríkèé á wá tàn yọ̀ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí iná mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀.

———

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé kí n yéé pe "nẹ́ẹ̀fù", pé Yorùbá ní "iṣan". Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní in. Iṣan lẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ló ń fa apá, iṣan náà lẹ ó tún pe eléyìí. Nọ́ọ̀sì tó bá gún "iṣan" láìbéèrè èwo, kí Ọlọ́run bá wa mú un. Mò ń pè é ní nẹ́ẹ̀fù lọ.

———

Ìyá Ìbejì: Sódíọ̀mù kì í ha ṣe iyọ̀ ni? Bàbá mi ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹnìkan ní ká máa fi iyọ̀ sí omi fún un kí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ lè lágbára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Lóòótọ́, inú iyọ̀ ni sódíọ̀mù wà, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù kò wọ́n nẹ́ẹ̀fù bàbá. Ti inú ẹ̀jẹ̀ wà láàárín 135 sí 145, ti inú sẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan bíi 10 sí 15 lọ, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń tì í wọlé tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Èyí tó ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan kéré débi pé òde ò mọ̀ pé ohunkóhun dín. Ẹ̀rọ kan tún wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń da sódíọ̀mù mẹ́ta síta, tó ń kó pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Jens Skou, ará Denmark, ló rí i ní 1957. Ẹ̀rọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọpọlọ máa jẹ bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò.

Kíndìnrín bàbá ló ń ṣọ́ iye iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bu iyọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ ń wá. Ọwọ́ gbígbọ̀n ní ìdí tirẹ̀, ẹ gbé e lọ kí dókítà wò ó.

———

Màmá Kékeré: Àǹtí, ọmọ mi pé oṣù méje nígbà tí gìrì kọ́kọ́ mú un, ibà ló fà á. Látìgbà náà, tí ara rẹ̀ bá ti gbóná báyìí, ó ti dé. Wọ́n fún un ní carbamazepine, ó ń le sí i ni. Ìyá ọkọ mi ní oògùn òyìnbó ò gbọ́ èdè gìrì.

Ẹ pẹ̀lẹ́, olúwa mi. Mi ò lè wo ọmọ láti orí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹ máa bá dókítà sọ.

Carbamazepine àti phenytoin, ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ni wọ́n ń dí. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní wárápá, ó dáa bẹ́ẹ̀: ariwo pọ̀ jù, ẹ ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ilé á rọ̀. Àmọ́ àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Dravet, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, tí ibà tàbí omi ìwẹ̀ gbígbóná sì máa ń ru ú sókè. Nav1.1 ló bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ibi tí Nav1.1 pọ̀ sí jù nínú ọpọlọ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tiṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́, ọrùn àwọn wọ̀nyẹn gan-an. Tí ilẹ̀kùn wọn ò bá ṣí dáadáa, olùṣọ́ ti sùn lọ, àwọn aláriwo á gba ìgboro. Oògùn tó bá tún wá ti ìwọ̀nba tó kù pa, ó fún olùṣọ́ lóògùn oorun ni. Ìdí nìyẹn tí carbamazepine, phenytoin àti lamotrigine fi lè mú gìrì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ le sí i.

Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ọmọ yín. Ẹ má sì já oògùn náà fúnra yín, jíjá a lójijì léwu. Ẹ padà lọ, ẹ sọ fún wọn gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi: ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀, ibà, bó ṣe le sí i lẹ́yìn oògùn. Ẹ béèrè dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé. Tí gìrì bá mú un, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ro àgbo ìtọ̀ màlúù fún un, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, oògùn òyìnbó gbọ́ èdè gìrì, ó kàn ní ẹ̀ka èdè ni.

———

Báyọ̀ Oníná: Ṣé ẹ̀fọn náà ní in? Wọ́n ní oògùn inú nẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀fù ló ń bá jà.

Ó ní in o. Oògùn inú nẹ́ẹ̀tì, bíi permethrin àti deltamethrin, kì í ti ilẹ̀kùn pa, ńṣe ló ń dá a dúró ní ṣíṣí. Sódíọ̀mù á máa ya wọlé, ẹ̀fọn á máa gbọ̀n, á ṣubú. Tiwa ò tètè gbà fún un bíi ti kòkòrò, ara wa gbóná ju tirẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ wa sì ń tú oògùn náà ká kíákíá.

Àmọ́ ẹ̀fọn ti gbọ́n. Àyípadà kan ṣoṣo lára purotéènì ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kdr, ti jẹ́ kí oògùn máa yọ̀ lára rẹ̀. Ó ti tàn ká ẹ̀fọn ibà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi chlorfenapyr, tí kò bá ilẹ̀kùn yìí ṣe rárá, kún oògùn nẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, àjọ WHO sì fọwọ́ sí i ní 2023. Ẹ ṣì máa sun abẹ́ nẹ́ẹ̀tì o.

———

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará, eyín mi dà? Ẹ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn.

Ẹ má bínú. Nẹ́ẹ̀fù eyín yín kì í ṣe okùn kan, ìdì okùn ni, tínrín àti nínípọn pọ̀. Èyí tó tín-ín-rín jù ò ní máyẹ́lìn rárá. Kò ní oríkèé, ńṣe ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tò lọ jákèjádò áksọ̀n, Nav1.7, Nav1.8 àti Nav1.9 ló sì pọ̀ níbẹ̀. Òun ló ń gbé ìrora, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nǹkan bíi mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kọ nǹkan: ó kọ́kọ́ ta yín ṣáá, ẹ mí sínú, lẹ́yìn náà ni èyí tó ń jó èèyàn wá dé. Ìkejì yẹn, ọ̀nà tí kò ní máyẹ́lìn ló gbà wá. Abẹ́rẹ́ yín tètè ń mú àwọn tínrín wọ̀nyí. Èyí tó ń gbé títì àti fífà nípọn, oríkèé rẹ̀ jìnnà síra, ó sì lè fo oríkèé kan tó ti kú kọjá. Oògùn gbọ́dọ̀ rin oríkèé bíi méjì-mẹ́ta tẹ̀ léra kó tó dákẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n láìdùn yín. Dókítà yín ṣe é bó ṣe yẹ.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi àgbálùmọ̀ sẹ́nu, ọyún ti wà nídìí eyín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn gún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta sójú wíwú yẹn, ó gbé irin, mo lọgun. Ó ní ojo ni mí. Èmi tí mo bímọ mẹ́ta! Ohun tó gbàgbé ni pé inú ni abẹ́rẹ́ ti ń dí ilẹ̀kùn, kì í ṣe òde. Oògùn ní láti kọ́kọ́ gba inú awọ ọlọ́ràá kọjá. Ibi tó bá ní ọyún máa ń kan, ibi kíkan sì máa ń sọ púpọ̀ nínú oògùn náà di irú èyí tí kò lè gba inú ọ̀rá. Àgbà obìnrin kan ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gún mi lẹ́yìn èrìgì lọ́hùn-ún, níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti ń wọ egungun àgbọ̀n, tí kò sí ọyún. Nẹ́ẹ̀fù kan náà ni, ibi tó mọ́ ló ti bá a.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Mà, bí Nav1.7 bá jẹ́ ti ìrora, ẹni tí kò ní in ńkọ́?

Wọ́n ti rí wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan ní àríwá Pakistan. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ lójú títì, ó ń rìn lórí ẹyín iná, káwọn èèyàn lè fún un lówó. Kò dùn ún. Ó fò láti orí òrùlé, ó sì kú kó tó pé ọmọ ọdún 14. Àwọn tó wà bíi tirẹ̀ ń mọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ń rìn, ọkàn wọn ń lù. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé irú wọn kì í gbóòórùn, torí Nav1.7 náà ló wà nínú nẹ́ẹ̀fù imú.

Àwọn olóògùn ti lé Nav1.7 títí, kò bọ́ sí i. Nav1.8 ni wọ́n rí mú: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí suzetrigine ní oṣù kìíní 2025. Níwọ̀n bí Nav1.8 kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọpọlọ, kì í kun èèyàn lóorun bíi ti àwọn oògùn ìrora líle.

———

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó yé mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ ìkejì, ó sì ti ń wú díẹ̀. Kí ni kí n sọ fún ìyàwó mi?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ó ń wú, lónìí, ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ti ìyàwó yín, máàkì méje nínú mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n yín gba méjì, torí pé ó mẹ́nu kan ọpọlọ.